Ibi Tí Ẹ Ti Kì Mí Nínú Àwo Orin

Bàbá mi, olórin tó di díákónì,

Inú yín ń bí mi, kí n má purọ́ fún yín. Wọ́n ti tún àwo orin tí ẹ̀yin àti Ọ́ńkù Keith, òyìnbó ọ̀rẹ́ yín, ṣe gbé jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Old Trafford ni mo ti rí i. Ẹ̀yin rèé lára páálí rẹ̀ pẹ̀lú jìtá àti fìlà abetí-ajá, Ọ́ńkù Keith wọ agbádá yín tó ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí.

Ṣé ẹ rántí gáréèjì rẹ̀ ní Ramsbottom? Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Òun ń ta báńjò, ẹ̀yin ń ta jìtá, ẹ jọ ń fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ bọ́ọ̀sì tí kì í dé, àti òyìnbó tó jẹ ata rodo tó ń wá ìyá ẹ̀ kiri. Ẹ máa ń bọ́ bàtà kí ẹ tó kọrin, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ wọ ilé onílé. Bí orin tó kẹ́yìn ṣe parí, ẹ rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì fi oríkì tí ìyá yín fún mi láti Abẹ́òkúta kì mí dáadáa. Mo kúnlẹ̀, Ọ́ńkù Keith bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá di díákónì. Ẹ kó gbogbo àwo tó kù nílé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Harpurhey, ẹ ń fi ẹsẹ̀ fọ́ wọn, àwọn èèyàn ń kígbe Halelúyà. Ẹ ò fi ẹyọ kan ṣoṣo pamọ́ fún mi. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú ata rodo? Ṣé Ọlọ́run tó dá ẹnu kì í rẹ́rìn-ín ni?

Ẹ ti lọ sọ́run, Màmá àgbà náà ti lọ. Mọ́mì ò mọ̀ ju orúkọ Bíbélì mi lọ mọ́. Ní gbogbo Manchester, kò sẹ́ni tó ń kì mí.

Ìdí tí mo fi gbé àwo tuntun yìí sáré délé nìyẹn. Mo ti kúnlẹ̀ kí orin tó kẹ́yìn tó parí. Ó parí. Ẹ ò kì mí. Ẹni tó tún orin náà ṣe kò gbọ́ Yorùbá, ariwo ló pe oríkì mi, ó gé e dànù. Ẹ̀rín Ọ́ńkù Keith nìkan ló ṣẹ́kù.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: kì í ṣe ẹ̀bi Ọ́ńkù Keith. Mo wakọ̀ lọ bá a. Kò gbọ́ ọ dé òpin kí wọ́n tó gbé e jáde. Téèpù àkọ́kọ́ ńkọ́? Gáréèjì jò, omi ti bà á jẹ́. Ojú tì í gan-an. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù omi tíì nínú kíṣìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì mi kì mí. Ó ń kọsẹ̀, ó ń ṣi ohùn àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ pè, àmọ́ kò gbàgbé ìkankan.

Mo kúnlẹ̀ fún un. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bàbá mi, òyìnbó ló kù tó ń ki ọmọ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú.