'Wọn' Wo Lẹ Ní Lọ́kàn?

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o, bí wọ́n bá ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ wà. Èmi ò rí ìsinmi kankan. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó tí mo ń dìde. Ọbẹ̀ tí mo gbé kaná ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò, mo sì ti jáde wo ojú títì títí ìyàwó onílé fi bi mí bóyá mò ń retí àlejò. Àlejò wo? Ẹ̀yin ni mò ń bínú sí, Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ta ló ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan péré sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tún wá lórí méjì?

Kí n kọ́kọ́ ròyìn iṣẹ́, torí ẹ fẹ́ràn kí n máa ròyìn iṣẹ́ fún yín. Mo ṣì wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ l'Ókùkù, ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́, tó ń kọ́ wọn níṣẹ́, tó sì ń fi wọ́n sípò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ìpínlẹ̀ wa kúrò lára Ọ̀yọ́ ni àga ti pọ̀ ju ìdí lọ lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà kan padà sí Ìbàdàn, àwọn kan fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó ti ronú nípa ẹni tí yóò rọ́pò wọn. Wọ́n tìtorí ẹ̀ rán mi lọ sí kọ́ọ̀sì l'Óṣogbo. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ fún wa níbẹ̀ kò ju èyí lọ: kí ọ̀gá tó kúrò, kó ti tọ́ ẹlòmíì dàgbà sídìí iṣẹ́ náà, kí tọmọdé tàgbà sì mọ ẹni náà. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń rò. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń kan àga, èmi ni mò ń wá ẹni tí yóò jókòó lé e. Àga tiyín wá ńkọ́, Bàbá?

Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ títí di àná, títì pa ni ṣọ́ọ̀bù yín n'Inísà wà. Sùlé, Gódì àti Múfú, àwọn ọmọṣẹ́ yín, ń wá lárààárọ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n á máa wo àgádágodo bíi pé ó máa lanu sọ̀rọ̀. Mo bínú sí yín lórí àwọn náà. Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ ẹnì kan nínú wọn ní gbogbo iṣẹ́ náà tán? Sùlé mọ pákó í gé, ó mọ̀ ọ́n so pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá fi ìfági kan ojú tábìlì, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Gódì ló ń dán an débi tí èèyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì lè wọn ẹsẹ̀ àga kó dọ́gba. Ní ti Múfú, ìṣó tó bá kàn, wíwọ́ ni. Àmọ́ bí oníbàárà bá fi ìbínú wọlé, tẹ̀rín tẹ̀rín ni Múfú máa sìn ín jáde. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ewu là ń pe irú ètò yìí. Bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n má baà lè fi ara wọn sílẹ̀? Mo bi yín nígbà kan rí, ẹ kàn ń wá pẹ́ńsù tó wà létí yín kiri.

Ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, ẹ ti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bọ̀ mí lọ́wọ́, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ mi dé, ẹ ní kí n fún wọn. Ó tán. Ìyá mi bi mí ní ohun tí ẹ wí, mo sì tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Bàbá Kékeré, àbúrò yín tó ń ta pákó n'Íkìrun, ló dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ni gbogbo ojú bá yí sí wọn. Ta tún là bá máa pè ní 'wọn' nínú yàrá yẹn bí kò ṣe àgbàlagbà tó dúró níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ parí. Bàbá Kékeré ní àwọn á máa kó pákó sínú ṣọ́ọ̀bù náà kí òjò yéé pa á, kí àwọn ọmọ náà lọ wá ọ̀gá mìíràn. Inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Mo wò ó pé ojúkòkòrò ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Kékeré wá kí Ìyá mi, wọ́n ń sọ ìtàn yín. Wọ́n ní pẹ̀lú gbogbo irùngbọ̀n funfun àwọn yìí, òdìkejì títì lẹ ti máa ń pariwo pe àwọn ní ìwọ ọmọ yìí, lójú àwọn oníbàárà àwọn. A rẹ́rìn-ín títí. Ni ẹ̀rín bá gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà wo lẹ pe Bàbá Kékeré ní 'wọn' rí? Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. 'Ó' lẹ ń pè é. Ṣé ó ti dé? Ṣé ó ti jẹun? Àwa là ń pè wọ́n ní 'wọn', etí tiwa la fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín.

Mo wá rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán yín wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kì í ṣí abọ́. Ẹ ó fẹnu júwe àwọn ọmọṣẹ́ yín, ẹ ó ní kí n kọ́kọ́ fún wọn. Fún wọn. Ohùn kan náà ni, Bàbá! Báwo ni mi ò ṣe dá a mọ̀?

Ìyá mi ní kí n panu mọ́, pé bí èèyàn ẹni bá kú, a kì í tú ẹbí ká lórí kọ́kọ́rọ́. Mi ò lè panu mọ́. Ọ̀la àwọn ọmọṣẹ́ yín ló wà lọ́wọ́ mi. Láná tí Bàbá Kékeré wá gba kọ́kọ́rọ́ n'Inísà, mo kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n tún un sọ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, mo sì tún un sọ. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ náà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n wá wí pé àwọn ti ròyìn fún gbogbo àwọn onípákó n'Íkìrun pé ẹ̀gbọ́n àwọn pe àwọn ní 'wọn' kí wọ́n tó kú.

Áà, Bàbá. Ohun tó ń dùn mọ́ wọn nínú nìyẹn o! Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣí àgádágodo, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé Sùlé lọ́wọ́, wọ́n ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má jà. Wọn ò jẹ iyán tí Ìyá mi gún. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn padà s'Íkìrun, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ṣọ́ọ̀bù yín ti ṣí, kí ọkàn yín balẹ̀. Tèmi ni ò balẹ̀. Ní kọ́ọ̀sì yẹn, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń yan ẹni tí yóò jókòó lórí àga. Wọn ò kọ́ wa ní ohun tí a ń sọ fún ẹni tí àga ò kàn. Ṣé mo ṣe é dáadáa? Ṣé ẹ gbọ́ mi ṣá?

Mo mọ̀ pé mo ti ń bẹ̀ yín látọjọ́ yìí pé kí ẹ wá sójú àlá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. Bí ẹ bá rí àyè lẹ́ẹ̀kan péré, Ìkìrun ni kí ẹ yà sí. Ẹ jókòó ti àbúrò yín tí ẹ máa ń pè ní 'ọmọ yìí', kí ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì pè é ní 'wọn'.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá.