Egungun Àgbò Wa Ti Ń Bọ̀ Wá Bá Ọ ní Èkó

Sí Mọ̀múdù ọmọ mi àtàtà, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Èkó,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé àláfíà lo wà? Ṣé oúnjẹ Èkó ń bá ọ lára mu? Bí o bá béèrè wa, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ara wa le bí ògiri tí òjò kò tíì rí. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ojú rẹ fọ́ sí ìwé, kí ó má sì jẹ́ kí ìwé fọ́ ọ lórí. Alfa Àbdùlsàlámì ló ń bá mi kọ èyí, ẹni tó ṣiṣẹ́ rí ní réluwéè tó sì kọ́ ìwé kíkà níbẹ̀. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ọwọ́ òun kì í ṣe ẹnu. Mo ti gbọ́.

Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ Àlàmísì. Orí ọba òyìnbó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò rẹ̀ kò tilẹ̀ ya, mo sì kí i dáadáa kí a tó ṣí ìwé náà, nítorí ẹni tó bá ọmọ ẹni gbé ọ̀rọ̀ láti Èkó, àlejò ni. Gbogbo ilé pé jọ, Alfa ń kà á. Ó ní o ní Anatomi ló ń dààmú rẹ jù níbẹ̀. Inú mi bà jẹ́ díẹ̀, nítorí o kò sọ fún wa pé o fẹ́ fẹ́yàwó, àṣé o ti ní àna, àna tó ń jẹ́ Tọ́mì, ó sì ti ń dààmú rẹ. Mo ní kí Alfa máa kà á lọ.

Ibi tó kàn ló dá rúgúdù sílẹ̀. O ní o nílò egungun, pé ẹnì kan tó ṣáájú yín ní ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ta tirẹ̀ tó kó sínú àpótí, pé kí a ta àgbò ńlá wa kí o lè rà á kí ìdánwò tó dé, àti pé ẹni tó bá kùnà, wọn yóò dá a padà sílé. O kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ náà, Mọ̀múdù. Egúngún ni Alfa kà. Egúngún nínú àpótí! Ọmọ Mùsùlùmí láti Ìlọrin fẹ́ fi owó àgbò ra eégún!

Bàbá rẹ àgbà dìde. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kọ́ iṣẹ́ òyìnbó, wọn kò fi ẹnu pe orúkọ rẹ mọ́, "ẹni tó lọ" ni wọ́n ń pè ọ́. Wọ́n ní ṣé àwọn kò wí, wọ́n sì wọ yàrá lọ kírun, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo ní kí Alfa tún un kà. Ó kan ibi tí o ní igba ó lé mẹ́fà ni egungun tó wà nínú ara ènìyàn kan. Mo ní kí ó dúró ná. Mo bi í pé eégún igba ó lé mẹ́fà, pẹ̀lú agọ̀ wọn, báwo ni wọn yóò ṣe wọ inú ẹnì kan ṣoṣo? Alfa ronú, ó fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Eegun inú ara ni! Alihamudu lílàì. Ó ní Anatomi náà kì í ṣe àna ẹnikẹ́ni, ìmọ̀ nípa ara ni. Ara tù mí, ṣùgbọ́n bí àna gidi bá wà, má fi pamọ́ fún wa.

Mo wá bi ara mi léèrè. Ọmọ mi ń wá egungun, ó ní kí a ta àgbò. Ṣé àgbò kò ní egungun nínú ni? Kí ló dé tí a ó fi ta egungun tiwa, kí a tó fi owó rẹ̀ ra èyí tí a kò mọ ilé tó ti wá? Mo ránṣẹ́ pe Danjuma alápatà ní Ọjà-Ọba. Ó fi Bísímílàì dúńbú àgbò, ó sì bọ́ ẹran kúrò lára egungun láìfọ́ ẹyọ kan. Gbogbo abà jẹ ẹran títí ata fi tán nílé mi. Mo se egungun náà, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo sá a sórí ẹní, mo bẹ bàbá rẹ àgbà pé kí wọ́n bá mi fojú sí i nítorí ajá.

Wọ́n jókòó, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí i. Nígbà tí mo padà dé, egungun itan wà lọ́wọ́ kan, ti ìbàdí wà lọ́wọ́ kejì, wọ́n ń tì í bọ̀ ọ́, wọ́n ń yí i bí ọmọ odó nínú odó. Wọ́n ní Sùbúhánálàhì, gbogbo ọjọ́ ayé tí àwọn ti ń rìn, àwọn kò mọ̀ pé bí Ọlọ́hun ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n to eegun ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìrù. Ọ̀kan dín! Ajá ti gbé e! Mọ̀múdù, bàbá rẹ àgbà sáré! Wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n ká ẹ̀wù, wọ́n lé ajá náà yí abà ká lẹ́ẹ̀mejì, Danjuma tó wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé wọn, èmi tẹ̀lé Danjuma, ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè sáré. Nígbà tí wọ́n gbà á lẹ́nu ajá, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní èyí ni Mọ̀múdù ì bá máa wá káàkiri. Mọ̀múdù ni wọ́n pè. Danjuma gbọ́, èmi náà gbọ́. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ṣe bí ẹni pé èéfín ló wọ̀ mí lójú, bẹ́ẹ̀ n kò dáná.

Ní ti ìwé méjì tí o ní o kò mọ èyí tí o ó rà, èyí tó nípọn bí ìrọ̀rí tí kò ní àwòrán, àti èyí tó kéré tó kún fún àwòrán àwọn tí wọ́n bọ́ awọ lára wọn: Alfa ní èyí tó nípọn ni, pé ìmọ̀ a máa wúwo. Mo ní o kọ́ kéwú lórí wàláà kékeré, díẹ̀díẹ̀ lo sì fi parí rẹ̀, ìwé tí o ó kà tán ni kí o rà. Alfa ní àwòrán ìhòòhò kò dára. Mo ní ẹni tí kò láwọ, ìhòòhò wo ló kù? Bàbá rẹ àgbà ní kí àwa méjèèjì dákẹ́, pé èyí tí orúnkún bá wà nínú rẹ̀ ni kí o rà, nítorí tàwọn máa ń ké kọ́ù bí àwọn bá dìde lórí ẹní ìrun. Ti Fisiọ́lọ́jì tí o ní ó jẹ́ ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ìyẹn kò le. Ara ẹni tó jí ní kùtù ń ṣiṣẹ́, ti ọ̀lẹ kì í ṣiṣẹ́. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Egungun náà wọ ọkọ̀ ojú irin lánàá. Akọ̀wé ibẹ̀ bi mí pé kí ló wà nínú ẹrù, mo ní egungun ni, ó sún sẹ́yìn, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Alfa ń sọ pé ti àgbò kò jọ ti ènìyàn. Mo ní àgbò ní ọrùn, ó ní ìhà, ó ní orúnkún. Ibi tí o bá ti kan ìwo, fò ó.

Bí wọ́n bá fún yín lówó oúnjẹ, fi ṣílè kan ránṣẹ́ kí n fi ra ata àti iyọ̀. Bí ó bá di méjì, n kò ní bínú. Bàbá rẹ àgbà ń fẹ́ tẹ̀sùbáà tuntun láti Èkó. Kí Ọlọ́hun ṣí ọ lọ́kàn. Kí o wọ inú ìdánwò bí ọmọ onílé. Kí ọwọ́ rẹ jẹ́ ọwọ́ tí aláìsàn yóò máa béèrè. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, Rùkáyátù. Ibí yìí ni mo ní kí Alfa parí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ àgbà gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló kọ ìlà Lárúbáwá tó wà nísàlẹ̀ yìí. Alfa ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: Mọ̀múdù, ọmọ mi, máa kà á lọ.