Iná Tí Mo Tàn ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ńlá Milano

Nevio, ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé oyún inú ìyàwó wa, Ivana, kò yọ ọ́ lẹ́nu? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù wọ ilé yín. Àwa náà wà, ewúrẹ́ ti bí ìbejì, orúnkún mi nìkan ló ń bínú.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Assunta, aládùúgbò mi, dé. Mo rí Ornella, ìyá ìyàwó rẹ, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Milano, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Mo yí ẹ̀yìn fóònù wò, bóyá èmi náà wà níbẹ̀. N kò sí. Nevio, mo jowú, n kò ní purọ́. Ọdún mẹ́fà lo ti wà ní Milano, o kò mú mi débẹ̀ rí. Assunta tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu: ó ní òun gbọ́ pé obìnrin ni ọmọ náà, àti pé Ornella lẹ fẹ́ sọ ọ́. Ta ni kò mọ̀ pé orúkọ ìyá bàbá ni ọmọbìnrin àkọ́bí ń jẹ́? Ṣé Ersilia, orúkọ tèmi, ń rùn ni?

Ni mo bá bá àwọn ará ìjọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Milano lọ́jọ́ Sátidé. Mo dé ìlú rẹ, n kò yọjú sí ọ. Wọ́n ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà, mo ní àdúrà ni mo wá gbà, wọ́n ní kí n gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ornella sanwó, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ju owó ẹyọ sínú àpótí níwájú Màríà Mímọ́, àbẹ́là oníná mànàmáná kan sì tàn fúnra rẹ̀. Mo ní kí Màríà sọ ọmọ náà di ọkùnrin, kó lè jẹ́ Nazareno bíi bàbá rẹ tó ti lọ, ká wá wo bí Ornella yóò ṣe jẹ́ Nazareno.

Inú bọ́ọ̀sì, nígbà tí à ń padà bọ̀, ni àyà mi ti já. Àbẹ́là tiwa níbí máa ń jó tán, àdúrà rẹ̀ á sì parí. Èyí kò ní òwú, kò ní ìda, kí ló fẹ́ jó tán? Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ó ṣì ń tàn, ó ń bá mi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí ọmọ padà nínú ìyá rẹ̀. Bí ọmọ bá bínú padà síbi tó ti ń bọ̀ ńkọ́?

Jọ̀ọ́, tètè fowó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n lọ pa iná náà. Má bá mi pa á o, ẹni tó tanná àdúrà ló ń pa á. Má sì jẹ́ kí Ornella gbọ́.

Ọlọ́run á sọ Ivana kalẹ̀ wẹ́rẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ sọ ọ́ ní Ornella. Kó ṣáà dé, n ó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ersilia