Ẹ̀fọ́ Yín Ti Padà Sórí Ebè, Màmá

Màmá wa, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ó ṣì ń ṣe wá bíi pé ẹ kàn wà lẹ́yìnkùlé, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè tẹ̀tẹ̀ yín, tí ẹ ń pariwo pé kí ẹnìkan gbé abọ́ wá.

Nǹkan ti yí padà. Àbíkẹ́yìn yín ti di nọ́ọ̀sì. Bàbá ló rán aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ti ní ọmọ-ọmọ kan sí i, obìnrin, iwájú orí rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi tiyín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ bàbá àti ẹ̀fọ́ ni.

Ẹ rántí ìyọnu bàbá lórí ẹ̀fọ́. Ẹ óò ṣan tẹ̀tẹ̀ nínú omi mẹ́ta, ẹ óò bọ̀ ọ́ wéré, ẹ ò ní jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Bàbá á fi ṣíbí kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, wọ́n á bi yín bóyá ewúrẹ́ lẹ fẹ́ sílé. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, wọn ò gbà. Ẹ̀yin náà ò gbà fún wọn! Ẹ óò gé e wẹ́wẹ́, ẹ óò pò ó mọ́ ẹyin, wọ́n á jẹ ẹ́ láìmọ̀, ẹ óò sì máa rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì.

Nígbà tí ẹ lọ, bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ebè yẹn àfi àwọn. Téèpù ìránṣọ ni wọ́n fi ń wọn àlàfo ìlà. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni télọ̀ ń jẹ́. Ìlà méjì tí ẹ máa ń dá sí kó lè gbó, kí ẹ gba irúgbìn lórí rẹ̀, bàbá rí i pé ó ga ju ìyókù lọ, ó sì rí jákujàku. Ni wọ́n bá mú àlùmọ́gàjí, wọ́n gé gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí ẹni ń gé etí aṣọ. Wọ́n tún pè wá ká wá wò ó! Ẹ̀ẹ̀rùn dé kó tó rú padà. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ pupa tí ìyá yín dì fún yín nígbà tí ẹ ń lọ sílé ọkọ, a ò rí ẹyọ irúgbìn kan mú nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, bàbá dúró gírí. Lọ́jọ́ tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe, orí ebè ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní àwọn ti ba ohun tí ẹ fi sílẹ̀ jẹ́. A ra irúgbìn mìíràn lọ́jà. Ó hù dáadáa, wọn ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Oúnjẹ ò wù wọ́n mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn tún lọ sílẹ̀ sí i. Màmá, ẹ̀rù bà wá gan-an.

Ẹ rántí káfíńtà ẹ̀yìn ògiri, tó máa ń jagbe mọ́ yín pé irúgbìn yín ń fẹ́ wọ ọgbà òun? Tó máa ń fa ẹ̀fọ́ yín tu, táá jù ú padà sí yín? Nígbà òjò tó kọjá, bàbá gbójú, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó ṣèèṣì ku ẹyọ kan. Ó mú wọn gba àárín pákó kọjá sẹ́yìn ilé. Tẹ̀tẹ̀ ga dé èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, orí rẹ̀ kún fún irúgbìn!

"Bàbá, ẹ má bínú o," ni káfíńtà wí. "Látọjọ́ tí màmá ti lọ, ọkàn mi ò gbà á mọ́ kí n fà á tu."

Bàbá gba irúgbìn rẹ̀, wọ́n gbìn ín, tẹ̀tẹ̀ yín sì ti bo ebè yín báyìí. Láàárọ̀ òní, bàbá fúnra wọn ló já a, àwọn ló sì sè é. Iyọ̀ pọ̀ jù! Wọ́n jẹ ẹ́ tán porogodo, wọ́n wá ní ká kọ ọ́ síbí pé àwọn jẹ ẹ́, pé ẹnikẹ́ni ò fipá mú àwọn.

A fẹ́ràn yín, màmá. Kò sí ọjọ́ tí àárò yín kì í sọ wá. Bàbá ní ká fi kún un pé tàwọn ju tiwa lọ.