Àbá Méjì Lórí Àgbàdo Bàbá Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó pé ọdún méjì tí a sin yín sí yàrá yín, n kò sì tíì kọ nǹkan kan sí yín. Ẹ forí jì mí. Ìdánwò ni mo ń ṣe ní Kútọnu lọ́jọ́ tí ẹ kú. Ṣé ẹ béèrè mi?

Àgbàdo tí ẹ fi sínú akèrègbè, tí ẹ so sókè ààrò, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́líìsì ní kí a dà á fún adìẹ, kí a ra irúgbìn tuntun. Ìyá kọ̀. Wọ́n ní àgbàdo yín náà ni àwọn máa gbìn sí oko Okpomèta, bí ọdún bá tilẹ̀ máa bàjẹ́. Fẹ́líìsì kọjú sí mi.

"Ìwọ tó ń kọ́ ìṣirò, sọ fún wọn pé irúgbìn yìí ti kú. Bí èyí tó máa hù bá ju ìlàjì lọ, mo gbà."

Mo mú kàyé mi, ìwé tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò. Olùkọ́ wa máa ń sọ pé kí a tó ka ohunkóhun, àbá méjì ni ká kọ́kọ́ kọ, nípa gbogbo ohun tó wà nínú akèrègbè, kì í ṣe nípa ẹ̀kúnwọ́ tí a bá bù. Èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní àbá òdo, ló máa ń sọ pé ó dọ́gba: ìlàjì ni yóò hù. Èkejì ni ohun tí èèyàn ń wá ẹ̀rí fún. Bàbá, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé ó kéré sí ìlàjì. Mo wò ó títí. Ó dà bíi pé mo tún ń sin yín. Mo fagi lé e, mo kọ ọ́ pé ó ju ìlàjì lọ, nítorí ohun tí Fẹ́líìsì béèrè gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo po irúgbìn pọ̀, mo dijú, mo ṣa ogójì, mo rì wọ́n sínú àwo iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, méjìdínlógójì hù lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò tẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá yín ni gbogbo wọn tẹ orí sí. Mo yí àwo náà padà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti kọjú síbẹ̀ padà. Bí Ìyá ṣe ń kọjá lọ, wọ́n dúró, wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yín.

"Ẹ káàárọ̀ o."

Èmi kọ́ ni wọ́n kí.

Àbá òdo kò lè dúró mọ́. Fẹ́líìsì ka kàyé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó dáa, ká gbìn ín." N kò sọ ti títẹ̀ tí àwọn èéhù náà tẹ̀ fún un. Kí ni ǹ bá sọ?

A gbìn ín lẹ́yìn òjò kejì. Irúgbìn tán nígbà tó ku ebè mẹ́rin, a sì fi wọ́n sílẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a dé oko láti lọ roko. Àgbàdo ti hù lórí ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì méjì, ó jìnnà síra bí ẹ ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ gígùn yín wọn àlàfo rẹ̀. Fẹ́líìsì búra pé òun kọ́. Èmi náà kọ́. Bàbá, níbo ni ẹ ti rí irúgbìn?

Kò ya Ìyá lẹ́nu rárá. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ro àárín àwọn ebè náà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì.

Èmi ọmọ yín tí kò tètè dé, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.