Ta Ló Lọ Bi Àwọn Tí Kò Wá?

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ara mi le, ẹ má dààmú.

Iṣẹ́ mi níbí ni láti wá ìdí tí àwọn ọmọ fi ń sá fún ilé-ìwé. Ọ̀gá wa sọ pé ètò tuntun òun ti fòpin sí i: gbogbo ọmọ tí wọ́n bi léèrè ló ní òun ń wá déédéé. Ara fu mí. Ṣebí inú kíláàsì ni wọ́n ti bi wọ́n! Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló lọ bi àwọn tí kò wá?” Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, bí mo bá wọlé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á panu mọ́. Wọ́n ti gbé tábìlì mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ mà dára o. Lánàá, wọ́n ń bi àwọn òṣìṣẹ́ bóyá inú wọn ń dùn síṣẹ́. Wọn ò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé inú gbogbo òṣìṣẹ́ ibí ló ń dùn.

Èmi ọmọ yín.