Fóònù Tó Rẹwà Lójú Bàbá Yín

Séidou ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kútọnu, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, ẹsẹ̀ rẹ á bá a níbẹ̀. Àwa náà ń bẹ, àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ.

Ìwé ni mo kọ nítorí fóònù tí o fi ránṣẹ́ kò jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Ó dára, n kò ní purọ́, ó ń dán bí omi inú àwo, kò sì ní bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ tó dé, bàbá yín ní ohun tó rẹwà tó báyìí kò lè ṣòro lò, Kàdíjátù aládùúgbò wa náà ní wíwò lásán ti fi hàn pé ó rọrùn. Kò sí èyí tó tíì fọwọ́ kàn án nínú wọn. Bàbá yín bá gbé fóònù mi àtijọ́ tí mo fi rọ́bà dè fún àbúrò wọn ní Odomèta, wọ́n ní ó ń dójú ti ilé.

Bí o bá pè, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń dáhùn pé èmi rèé, ó kàn ń dún lọ ni. Ìwọ á rò pé mo ń bá ọ bínú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mò ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá yín já bọ́ láti orí àká, ẹsẹ̀ wọn sì yẹ̀. Mo gbá fóònù mú kí n pe Firmin tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Omi ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ mi, fóònù náà kò dá mi lóhùn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, iná ló tàn sí mi lójú. Bàbá yín ń kérora nílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kí n rọra fìka fà á, pé ó rọrùn. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi sáré dé ilé Firmin, òun ló gbé wọn lọ ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, a dúpẹ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń sọ fún àlejò pé fóònù náà rọrùn, pé ọwọ́ mi ló le.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra oníbọ́tìnnì ní Kétu. Má bá mi rà á, torí èyí tó bá wù ọ́ lójú lo máa mú. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ, o kò ní ṣe àṣedànù.

Bàbá yín ní kí n kí ọ. Wọ́n gbé fóònù náà síwájú níbí, wọ́n ń wo ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n ń fá irùngbọ̀n.

Èmi ìyá rẹ,
Falilatou